Ọwọ́ Tí Wọ́n Yọ Kúrò Lára Ògiri

Ẹni tó bá fẹ́ mọ irú ènìyàn tí ìyá àgbà mi jẹ́, kó má bi mí léèrè ojú rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ni kó béèrè. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì pọ́n, wọ́n sì le bí awọ bàtà. Àlejò a máa rò pé ó lé làálì, ṣùgbọ́n ìyá àgbà mi kì í lé làálì. Omi màkúbà ló pa á lọ́wọ́ dà bẹ́ẹ̀. Èèpo èso igi irú ni àwa ará Zongo, àdúgbò àwọn àlejò, ń pè ní màkúbà. Tí àwọn obìnrin bá ti yọ irú inú rẹ̀ tán, wọn a da èèpo nù. Ìyá àgbà mi a tẹ̀lé wọn lẹ́yìn, a máa ṣà á sínú apẹ̀rẹ̀ bí ẹni ń ṣa obì tó já bọ́. Á rẹ ẹ́ sínú omi fún ọjọ́ mẹ́rin, á sè é títí omi rẹ̀ yóò fi pọ́n ròrò. Omi yẹn ló fi ń rẹ́ ara ògiri amọ̀, kí òjò má baà fọ̀ ọ́ lulẹ̀.

Rábíátù ni wọ́n sọ ọ́ ní Ìlọrin, Àṣàkẹ́ sì ni oríkì rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní Tamale níbí, láti Zogbeli tí ilé wa wà títí dé ọjà, ẹ lè béèrè Rábíátù títí ẹsẹ̀ yóò fi dùn yín, ẹ kò ní rí ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ìyá Alámọ̀ ni gbogbo ayé mọ̀.

Oṣù mẹ́rin rèé tí a ti sin ín. Èmi Àníkẹ́, àgbà nínú àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀, tí èmi náà ti ń sún mọ́ ogójì ọdún, ni mo bá a gbé pẹ́ jù. N kò ní sọ ìtàn ayé rẹ̀ láti orí dé ìdí. Ìyẹn gùn, àwọn tó mọ apá ti Ìlọrin jù mí lọ sì ṣì wà láyé. Ohun tó ń yọ mí lẹ́nu ni mo fẹ́ sọ, kò sì dùn. Wọ́n da ìyá àgbà mi. Ẹni tó dà á kì í ṣe ará ọ̀nà jíjìn. Ẹni tí wọ́n jọ ń ki ọwọ́ bọ inú àwo kan náà fún ogún ọdún ni.

Ẹ jẹ́ kí n mú un díẹ̀díẹ̀.

Kò sí ìgbà tí ìyá àgbà mi yóò se màkúbà tí kò ní tọ́ ọ wò. Á ti ìka bọ̀ ọ́, á lá a, á dijú. Nígbà tí mo ṣì kéré, mo bi í pé, "Ìyá àgbà, kí ló dé tí ẹ ń lá omi ògiri?"

Ó ní, "Wá lá a."

Mo lá a. Ó korò, ó sì gbá mi láhọ́n mú bí ìgbà tí ènìyàn bá jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò pọ́n. Mo tutọ́, mo tún tutọ́, ìyá àgbà mi sì ń rẹ́rìn-ín débi pé ìborùn rẹ̀ já bọ́.

"Ó mú ọ?"

"Ó mú mi gan-an, ìyá àgbà."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Èyí tí kò bá lè mú ahọ́n, kò lè mú ògiri."

Ẹ má rò pé ènìyàn jẹ́jẹ́ ni. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ a máa ta bí ata. Ọ̀sẹ̀ tí ìyá mi kọ́kọ́ wọ ilé ọkọ, ẹ̀ẹ̀mẹta ló rẹ́ ilẹ̀ yàrá kan náà ní ọjọ́ kan. Ìyá àgbà mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo iṣẹ́ ìyàwó tuntun bí ẹni ń wo ẹja tó ti ń rùn. Ìyá mi kúnlẹ̀, ó ń retí kí wọ́n kí i kú iṣẹ́. Ohun tó gbọ́ ni pé, "Ìyàwó, o ṣeun o. Ṣé adìẹ ló máa sùn síbẹ̀ àbí ènìyàn?"

Kì í sì í tètè dárí ji ènìyàn. Ìyàwó àbúrò bàbá mi yá ìkòkò rẹ̀ kan, etí ìkòkò náà já lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì rọra gbé e padà sí ìdí ààrò láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ọdún mẹ́fà ni ìyá àgbà mi kò fi bá a sọ̀rọ̀, nínú agbo ilé kan náà o, tí wọ́n jọ ń pọn omi nínú àmù kan náà. Àwọn àgbà bẹ̀ ẹ́ títí. Ó ní kì í ṣe ìkòkò ló ń dun òun. "Ó já a, kò sọ. Ẹni tó bá ba nǹkan mi jẹ́ tó dákẹ́ mọ́ mi lójú, kó máa dákẹ́ lọ."

Ẹ rántí ọ̀rọ̀ yẹn, nítorí òun gan-an ni kò jẹ́ kí n lóye ohun tó ṣe nígbẹ̀yìn.

Ó yẹ kí n sọ ti ṣọ́ọ̀ṣì náà wàyí. Ọdún kejì tí lọ́rí bẹ̀rẹ̀ sí í wọ Tamale ni wọ́n kọ́ ọ, gbogbo ara rẹ̀ amọ̀ látòkè délẹ̀. Ògiri rẹ̀ nípọn tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọdé lè nà gbalaja sójú fèrèsé rẹ̀. Ó ga, ó sì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan. Bí oòrùn bá mú, kò sí òjìji tó dà bí tirẹ̀ ní gbogbo ọ̀nà yẹn. Àwọn Hausa tó ń da màlúù a sinmi níbẹ̀, àwọn abọ̀rìṣà tó ń ti oko bọ̀ a sọ ẹrù kalẹ̀ níbẹ̀, àwọn afọ́jú ní ibi tí wọ́n ń jókòó sí níbẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń bi wọ́n pé ta ni wọ́n ń sìn. Bí ojú ọjọ́ bá ṣú tí a kò rí òjìji fi wo àkókò, agogo ọ̀sán wọn ni ìyá àgbà mi ń gbọ́ tí yóò fi bu omi àlùwàlá.

Ìyá àgbà mi a sì máa ka ara ògiri náà bí ẹni ń ka ìdílé. Amọ̀ rẹ̀, inú kòtò tí tindana, baba tó ń bọ ilẹ̀, yọ̀ǹda fún wọn ni wọ́n ti wà á. Omi tí wọ́n fi pò ó, kànga àwa Mùsùlùmí ni. Igi òrùlé, orí àwọn ará oko tí wọn kò tíì gbọ́ orúkọ Jésù rí ló gbé e wá. Bí ẹnikẹ́ni bá wá sọ níwájú rẹ̀ pé ṣọ́ọ̀ṣì àwọn Kristẹni, a ní, "Mo gbọ́. Ẹ wá fi hàn mí, apá ibo lára ògiri yìí ni ti Kristẹni ti bẹ̀rẹ̀?"

Ohun tó so òun fúnra rẹ̀ mọ́ ibẹ̀ rèé. Bàbá àgbà mi, Àfáà Sàlámì, kú ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò. Wọ́n wẹ̀ ẹ́, wọ́n di í láṣọ funfun, àwọn ọkùnrin sì gbé e sórí àkéte, ó di ọ̀nà itẹ́ òkú. Ọ̀nà náà gba iwájú ṣọ́ọ̀ṣì kọjá. Bàbá mi wà lára àwọn tó gbé e, òun ló sọ ọ́ fún wa. Ó ní ìjì kan ṣàdédé ti ìlà oòrùn dé, eruku pupa bo gbogbo ayé, òjò sì tẹ̀ lé e, òjò oníyìnyín. Aṣọ tí a fi di òkú ti ń rẹ, ẹrẹ̀ ń ta sí i. Kò sí òrùlé kankan nítòsí àfi ti ṣọ́ọ̀ṣì. Àfáà Yúsúfù tó ṣáájú wọn, lèmọ́mù àdúgbò wa, ní kí wọ́n máa rìn. Ẹsẹ̀ àwọn tó gbé àkéte ń yọ̀.

Ibẹ̀ ni obìnrin kan ti ṣí ìlẹ̀kùn méjèèjì sílẹ̀ gbayawu. Màríà ni orúkọ rẹ̀, ará ìhà Bolga, òun ló ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì náà nígbà yẹn. Ó fi Hausa pè wọ́n pé, "Ẹ gbé e wọlé. Ẹni tó ti kú kì í bá ẹnikẹ́ni jà."

Wọ́n wọlé, àti Àfáà Yúsúfù. Bàbá àgbà mi sinmi nínú ṣọ́ọ̀ṣì títí òjò fi dá, wọ́n sì gbé e lọ sin ní mímọ́.

Ìyá àgbà mi wà nínú opó nígbà náà, kò gbọdọ̀ jáde. Oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá ló fi jókòó sílé. Ọjọ́ tó tú opó, gbogbo wa rò pé ilé ẹbí ni yóò kọ́kọ́ yà. Ó ní kí n ru ìkòkò màkúbà, ó di iwájú ṣọ́ọ̀ṣì. Òjò ọdún yẹn ti jẹ ògiri ìhà ìlà oòrùn wọnú, nítorí àwọn tó kọ́ ọ kò mọ màkúbà. Ó fọwọ́ pa ibi tó jẹ náà, ó sì sọ fún Màríà níṣojú mi pé, "Ẹ fún ọkọ mi ní òrùlé. Níwọ̀n ìgbà tí apá mi bá ṣì ń gbé sókè, ògiri yìí kò ní ṣàìrí àtẹ́lẹwọ́ mi lọ́dún kan. Mo fi Ọlọ́run búra."

Ọ̀rọ̀ náà kò dùn mọ́ Zongo. Àfáà Yúsúfù fúnra rẹ̀ wá sílé, ó jókòó sórí awọ ewúrẹ́, ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

"Ìyá Alámọ̀, àwọn ènìyàn ń sọ ọ́ pé ẹ ń tún ilé kèfèrí ṣe."

Ìyá àgbà mi ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́. Kò gbé ojú sókè.

"Àfáà, lọ́jọ́ òjò ọjọ́sí, orí yín rẹ tàbí kò rẹ?"

Àfáà ní, "Kò rẹ."

"Alhamdulilahi. Ògiri yẹn náà ni mò ń rẹ́."

Àwọn tó wà nínú ọgbà bú sẹ́rìn-ín, àfáà náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọdún méjì gbáko ni wọn kò fi pe ìyá àgbà mi síbi ìsọmọlórúkọ. Ó máa ń gbọ́ ariwo àwọn obìnrin láti ilé kejì, á sì máa ṣa ẹ̀wà rẹ̀ lọ. Ó sọ fún mi lọ́jọ́ kan pé, "Kò burú. Ọmọ tí wọn kò pè mí sí orúkọ rẹ̀, òjìji ibẹ̀ náà ló máa sá sí."

Lọ́dọọdún, tí òjò bá ti lọ tí ọyẹ́ kò tíì gbẹ amọ̀ jù, wọ́n a pàdé lẹ́bàá ògiri náà. Àwọn obìnrin ìjọ ń bẹ, àwọn obìnrin Dagomba tó ni ilẹ̀ ń bẹ, àwa ọmọbìnrin Zogbeli ń ru omi. Ẹsẹ̀ ni a fi ń po amọ̀ àti ìgbẹ́ màlúù pọ̀. Òkúta odò ni a fi ń dán an. Ìyá àgbà mi ló ń pàṣẹ, Màríà sì ni igbákejì rẹ̀. Magájíyà ni Màríà ń pè é, èyíinì ni olórí àwọn obìnrin lédè Hausa.

Ọdún bíi mẹ́ta mẹ́rin kan wá tí oṣù ààwẹ̀ bọ́ sí àsìkò iṣẹ́ náà gan-an. Ìyá àgbà mi kò lè tọ́ màkúbà wò, nítorí ó ń gbààwẹ̀. Iṣẹ́ fẹ́ dúró. Ló bá pe Màríà sídìí ìkòkò.

"Lá a. Ó mú?"

"Ó mú díẹ̀, Magájíyà."

"Díẹ̀ bíi ti kí ni?"

Màríà lá ẹnu yíká, ó rò ó. "Bíi ti ọkọ tó ń bínú tí kò tíì sọ̀rọ̀."

"Kò tíì tó. Koná mọ́ ọn."

Nígbà tó yá, ó tún lá a, ojú rẹ̀ fún pọ̀. "Wàyí, ó ti ń sọ̀rọ̀. Ó ti ń bú ìyá mi."

"Ẹ sọ ọ́ kalẹ̀."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn. Nírọ̀lẹ́, Màríà kò ní lọ sílé. Á jókòó ti ìyá àgbà mi títí oòrùn yóò fi wọ̀, kókó gbígbóná, ògì tí a ń mu níbí, yóò wà láàárín wọn, kò sì ní kan án lẹ́nu kí ìyá àgbà mi tó ṣínu. Mo wí fún ìyá àgbà mi pé obìnrin yìí fẹ́ràn rẹ̀. Ó ní, "Ẹni tí mo gbà kó bá mi tọ́ nǹkan wò, ṣé o rò pé mo ní ìkọ̀kọ̀ fún un mọ́?"

Lẹ́yìn tí ogun parí tí àwọn sójà wa ti Bọ́mà dé, ìròyìn kàn pé bíṣọ́ọ̀bù kan ń bọ̀, pé ṣọ́ọ̀ṣì amọ̀ yìí ló máa fi ṣe ìjókòó rẹ̀. Wọ́n ní kì í ṣe ṣọ́ọ̀ṣì lásán mọ́, pé kàtídírà ni. Inú ìyá àgbà mi dùn ju ti àwọn onílé lọ. Ó ní ẹni ńlá kì í jókòó síbi tí ògiri ti ń ṣí. Oṣù méjì ṣáájú ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa èèpo.

Kò mọ̀ pé àwọn àgbà ìjọ ti ṣèpàdé. Àwọn òyìnbó kọ́ o. Fáádà àgbà ti lọ sí ìsinmi nílùú rẹ̀. Àwọn ará ilé ni. Wọ́n ní ilé tí bíṣọ́ọ̀bù máa fi ṣe ìjókòó, ọwọ́ àwọn tó ti ṣe ìrìbọmi nìkan ló yẹ kó kan ògiri rẹ̀. Ènìyàn mẹ́sàn-án ni wọ́n nínú ìgbìmọ̀ náà. Obìnrin kan ṣoṣo ló wà nínú wọn. Màríà ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́, ìyá àgbà mi gbé apẹ̀rẹ̀, mo gbé ìkòkò, a dé ibẹ̀. Ọkùnrin tí wọ́n ń pè ní Tíṣà, tó jẹ́ olórí ìgbìmọ̀ náà, wá pàdé wa. Ó bọ́ fìlà, ó tẹrí ba.

"Ìyá, ẹ kú ọdún mẹ́ta, ẹ kú ọdún mẹ́wàá. Ẹ ti ṣiṣẹ́ púpọ̀ fún wa. Lọ́dún yìí, ẹ lọ jókòó sí òjìji, wọ́n máa gbé oúnjẹ wá bá yín."

"Ta ló sọ fún ọ pé ó rẹ̀ mí?"

"Kì í ṣe pé ó rẹ̀ yín, ìyá. Àwọn ọmọ ìjọ ló fẹ́ fọwọ́ ara wọn ṣe é."

"Kí wọ́n ṣe é nígbà náà. Ògiri gùn. N ó wà ní apá tèmi."

Tíṣà yí fìlà rẹ̀ po lọ́wọ́. Ó ṣàlàyé tán. Kò gbé ojú kúrò nílẹ̀ rárá nígbà tó ń sọ ọ́.

Ìyá àgbà mi yí kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó wo àwọn obìnrin tó wà nídìí amọ̀, ó wo títí ó fi rí ẹni tó ń wá.

"Màríà. O wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n sọ ọ́?"

"Mo wà níbẹ̀, Magájíyà."

"Kí lo wí?"

Màríà tẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń po amọ̀. Ó pò ó, ó pò ó. "N kò wí nǹkan kan."

Mo ń retí kí ìyá àgbà mi sọ èyí tó ta jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀. Kò sọ ọ́. Ó ní kí n sọ ìkòkò màkúbà kalẹ̀ fún wọn, nítorí ó ti jinná, ó máa bàjẹ́. Ó gbé apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ tó ṣófo. A rìn dé Zogbeli. Ìgbà tó jókòó tán ló wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó ní, "Apá mi ṣì ń gbé sókè, Àníkẹ́. Ìbúra mi ti yẹ̀."

Ohun tó dùn ún jù nìyẹn. Kì í ṣe ìtìjú. Ó ti fi Ọlọ́run búra, ọdún kan sì ti fẹ́ kọjá lórí ògiri náà láìsí ọwọ́ rẹ̀. Ó lọ bá Àfáà Yúsúfù. Àfáà, tó ti darúgbó, sọ fún un pé wọ́n dí i lọ́nà ni, pé kò sí ẹ̀ṣẹ̀ lọ́rùn rẹ̀. Ìyá àgbà mi ní òun yóò ṣe kàfárà, ètùtù ẹni tí ìbúra rẹ̀ yẹ̀: òun yóò bọ́ tálákà mẹ́wàá. Àfáà ní, "Ẹni tó ba ìbúra yín jẹ́ ló yẹ kó ṣe é." Ó fèsì pé, "Wọn kò búra, àfáà. Èmi ni mo búra."

Ó se túwó, ó se ọbẹ̀ kúká tí a ń fi ewé oṣè sè, ẹran sì wà níbẹ̀. Níbo ni ẹ rò pé ó ti pín in? Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì náà ni, nítorí ibẹ̀ ni àwọn tálákà máa ń wà. Mùsùlùmí ń bẹ lára àwọn mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, opó ìjọ kan ń bẹ níbẹ̀, arúgbó Dagomba kan tó wé oògùn mọ́ apá náà ń bẹ níbẹ̀. Tíṣà kọjá. Ìyá àgbà mi ní, "Ẹ wá jẹun." Tíṣà dúpẹ́, ó sáré wọlé.

Inú ń bí mi. Mo bi í pé kí ló tún ń wá níbi tí wọ́n ti lé e. Ó ń fi ìka pa ìdí ìkòkò, ó ní, "Àwọn mẹ́sàn-án ló lé mi. Òjìji kò lé mi."

Ẹ wò ó, bóyá èmi kì í ṣe ènìyàn rere tó o. Láti ọjọ́ yẹn, bí mo bá rí Màríà lọ́jà, màá yà bá ọ̀nà mìíràn. Mo rò pé ìyá àgbà mi náà yóò ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó fi ọdún mẹ́fà bínú nítorí etí ìkòkò, ẹ̀yin náà ẹ ṣírò rẹ̀.

Kò pé oṣù mẹ́ta tí Màríà wá sílé wa. Ó kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ògiri ìhà ìlà oòrùn ti ń ṣí, gbogbo ohun tí wọ́n rẹ́ sí i ń bó bí awọ ẹni tí oòrùn pa. Òun mọ màkúbà, ó mọ ọ́n láhọ́n, ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ìyá àgbà mi máa ń dà sínú ti ìhà òjò láti ilé, tí kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Òjò àkọ́rọ̀ sì ti kù díẹ̀.

Mo ti mú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́. Ó dá mi lójú pé ìyá àgbà mi yóò ní kí n gbá a síta.

Ìyá àgbà mi kò ní kó dìde. Kò bu omi fún un. Kò pe orúkọ rẹ̀. Ó dìde fúnra rẹ̀, ó lọ gbé ìkòkò, ó ní, "Ìwọ, wá síbí." Àárọ̀ mẹ́ta tẹ̀léra ló fi kọ́ ọ. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ òrí ni, èyí tó kù sílẹ̀ nígbà tí a bá yọ òrí tán. A óò sè é pọ̀ mọ́ màkúbà, kò gbọdọ̀ hó ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ, a óò sì fi pa ògiri kí oòrùn tó kàn án. Kò fi nǹkan kan pamọ́. Màríà ń sunkún, omijé ń kán sínú ìkòkò. Ìyá àgbà mi ní, "Iyọ̀ kì í sí nínú rẹ̀. Sún sẹ́yìn."

Nígbà tó lọ, mo ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀. Mo ní, "Ìyá àgbà, ẹ ti dárí jì í ni?"

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ?"

"Ẹ wá kọ́ ọ. Ẹ kọ́ ọ ní gbogbo rẹ̀."

"Ògiri kò ṣẹ̀ mí, Àníkẹ́."

Mo wọ yàrá. Lọ́jọ́ náà, ó dà bí ẹni pé òun pẹ̀lú ti lọ jókòó sọ́dọ̀ àwọn mẹ́sàn-án náà, ó sì fi èmi nìkan sílẹ̀ pẹ̀lú ìbínú tí mo ń bá a gbé.

Ìgbà tí òjò tún fẹ́ parí ni àìsàn dá a dùbúlẹ̀. Apá ọ̀tún ló kọ́kọ́ wúwo. Lórí ẹní, kì í béèrè ẹnikẹ́ni. Ohun tó ń bi mí ni pé ṣé òjò ti ń lọ, ṣé amọ̀ inú kòtò ti mọ́. Mo mọ ohun tó ń retí. Ó ń retí pé lọ́dún yìí, ẹnì kan yóò wá pè é. Bí wọ́n bá gbé e lórí ẹní lọ síbẹ̀, kó fi ọwọ́ òsì nìkan kan ògiri náà, ó tó o. Gbogbo ìgbà tí ẹnikẹ́ni bá salamọ̀ lẹ́nu ọ̀nà, á gbé orí sókè. Àwọn tó ń wọlé kò ju ẹbí àti ará àdúgbò lọ. Lọ́jọ́ tó ṣáájú ikú rẹ̀, ó ní kí n má wulẹ̀ jẹ́ kí òun máa gbé orí sókè mọ́. "Ó ń dùn mí lọ́rùn," ó wí.

A ṣe fídáù rẹ̀ ní ọjọ́ kẹjọ. Ilé kún, àwọn àfáà ń ka Kùránì, a ń pín àkàrà àti wàsà. Ó ku díẹ̀ kí wọ́n tú ká ni Màríà wọlé. Ó wọ dúdú, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nítòsí ibi tí àwọn obìnrin ń bọ́ bàtà sí. Mo lọ bá a, nítorí pé èmi ni mo ń gba àlejò.

Ó kí mi kú àráfẹ́rakù. Mo dáhùn. Ó ní, "Fáádà àgbà ti dé."

"A gbọ́."

"Ó bínú sí wa. Ó ní ta ló ní kí a yọ ọwọ́ ẹnikẹ́ni kúrò lára ògiri tí gbogbo ìlú mọ. Ó ní gbogbo ọwọ́ tó ti wà níbẹ̀ rí ni kó padà síbẹ̀. Ó ní kí n lọ sọ fún Magájíyà, kí n fẹnu ara mi sọ ọ́ fún un."

Mo rò pé lánàá ni, tàbí ìjẹta. Mo tilẹ̀ fẹ́ káàánú rẹ̀. Mo ní, "Ìgbà wo ló rán yín?"

Ó ń yí etí ìborùn rẹ̀ pọ̀.

"Màmá, ìgbà wo ni?"

"Ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lónìí."

Àwọn àfáà ń ṣe àmín lọ́wọ́ nínú ọgbà.

Ó ní, "Mo wá o. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo dé ẹnu ọ̀nà yín. Ojú ló ń tì mí. Mo ní n ó tún padà wá lọ́la."

N kò pariwo. Ibi àdúà ni. Mo dìde, mo bu omi fún un nínú igbá, mo di àkàrà fún un bí a ti ń dì í fún gbogbo ènìyàn, nítorí sàráà kò yan ẹni. Ó mu omi náà tán. Ó béèrè bóyá ìyá àgbà mi dárúkọ òun kó tó lọ.

Mo ní, "Rárá." Òótọ́ ni mo sọ.

Ó dìde, ó wá bàtà rẹ̀ láàárín àwọn bàtà tó kù, ó pẹ́ kó tó rí i. Nílé wa, a kì í jẹ́ kí àlejò òkú dá lọ; a máa ń sìn wọ́n dé ojú ọ̀nà. Mo sin gbogbo àwọn tó wá lọ́jọ́ náà. N kò sin ín.